Àtàǹpàkò Abẹ́ Tábìlì

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí Bàbá Ìbejì jẹ́, ẹ ṣáà fún un ní àga. Kò ní jókòó sí i. Yóò yí i dojú dé, yóò wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá ó ń mì, bí kò bá sì mì, yóò mì ín títí yóò fi máa mì. Fíríìjì ló ń tún ṣe, ó sì mọ iṣẹ́ náà dáadáa, ṣùgbọ́n ohun tí kò bàjẹ́ ni ọwọ́ rẹ̀ máa ń yún un láti tú. Ara-ò-balẹ̀ ni àwọn aládùúgbò ń pè é, ó sì ń dá wọn lóhùn.

Ní Sátidé tí mò ń sọ yìí, àwọn aláṣẹ ilé ìwòsàn ńlá kan ní ìlú mìíràn fẹ́ fọ̀rọ̀ wá ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu wò ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó náà, ipò olórí nọ́ọ̀sì ló sì ń wá. Orí kọ̀ǹpútà ni wọn yóò ti rí i, nítorí àwọn ìbéèrè kan wà tí yóò kọ ìdáhùn wọn lójú wọn, tí kò sì ṣí lórí fóònù. Ó ti pẹ́ tó ti ń retí irú ipò yìí. Kó tó jáde lọ dirun, ó na ìka sí ọkọ rẹ̀.

“Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà yìí o. Bó ṣe ń falẹ̀ yẹn, ẹ jẹ́ kó máa falẹ̀ bẹ́ẹ̀.”

“Kí ni mo fẹ́ fi ṣe?”

Obìnrin náà kò tíì rìn dé òpin àdúgbò tí ọkọ rẹ̀ fi ki fíláàṣì bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà. Oníbàárà kan ló bá a gbé Linux, ètò tuntun tó ń darí kọ̀ǹpútà, sínú fíláàṣì ọ̀hún, ó ní ọ̀fẹ́ ni, ó ní kọ̀ǹpútà arúgbó tí wọ́n bá gbé e sí yóò máa sáré bí ọmọdé. Ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kọ́. Láti ìgbà tí àwọn ìbejì ti wọ yunifásítì ni ilé ti dákẹ́ jù fún Bàbá Ìbejì, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ìlú mìíràn yìí sì ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Kò béèrè bí ìyàwó rẹ̀ yóò ṣe máa lọ tí yóò máa bọ̀, ìyàwó náà kò sì sọ. Dípò kó béèrè, ó wá nǹkan fọwọ́ ṣe.

Ẹ̀rọ bi í bóyá kí òun pa gbogbo ohun tó wà nínú òun rẹ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, kíá, bí ẹni tí wọ́n ń lé. Nígbà tí ojú tuntun yọ, tó ń dán gbinrin, ó jó yí tábìlì ká. Ẹ̀yìn ìyẹn ló wá íńtánẹ́ẹ̀tì tí kò rí i. Fóònù rẹ̀ ń rí ti ilé, ó ń rí ti àwọn aládùúgbò, kọ̀ǹpútà ní òun ò rí nǹkan kan. Ó pa á, ó tan án. Ó gbé e lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó gbé e dé ilé ìdáná. Ó fi fóònù wá ìmọ̀ràn, wọ́n ní kó fi íńtánẹ́ẹ̀tì gba fáìlì kan wọlé kí íńtánẹ́ẹ̀tì lè ṣiṣẹ́.

“Ṣé orí ẹ̀yin wọ̀nyí pé ṣá?” ló bi fóònù.

Wọ́n tún ní kó tẹ àṣẹ kan. Ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà, ó tẹ ìyẹn náà, lẹ́tà kan ṣoṣo kò hàn. Ó tún un tẹ̀, ó fi ìbínú tẹ̀ ẹ́, òfìfo. Ló bá pinnu pé àwọn bọ́tìnì ló ti kú, ó mú irinṣẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi tó ti ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá abẹ́ wọn ni ìyàwó rẹ̀ bá a, tòun ti irun tuntun.

Ìyá Ìbejì kò pariwo. Ìyẹn gan-an ló ba ọkọ rẹ̀ lẹ́rù.

“Ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ẹ ò fẹ́ kí n rí iṣẹ́ yìí gbà ni?”

“Háà! Èmi kẹ̀? Mo fẹ́ kó yára sí i ni!” Ó ń sọ ọ́, ó ń yí tábìlì ká. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà gún un lọ́kàn, nítorí kò dá a lójú pé irọ́ kọ́ lòun ń pa.

Ìyàwó pe àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà fún ilé iṣẹ́ kan. Láti àárọ̀ ni Bàbá Ìbejì ti rántí rẹ̀, ojú ló ń tì í láti pe àna tó kéré sí i.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o,” ni àbúrò wí fún Bàbá Ìbejì, ó ń pa ẹ̀rín mọ́ra. “Ọ̀rọ̀ aṣínà kì í hàn síta tẹ́ ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́. Nǹkan kan ò ṣe bọ́tìnì yín, ẹ dá wọn padà. Ẹ wá fi wáyà tẹ́ ẹ fi ń gba iná sí fóònù so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ ní kó máa pín íńtánẹ́ẹ̀tì fún un. Tó bá di ọ̀la, màá wá tún ìyókù ṣe.”

Wáyà kan ṣoṣo ló kù nílé, àwọn ìbejì ti kó ìyókù lọ sílé ẹ̀kọ́. Ọ̀kan ọ̀hún náà ti gé nínú. Bí Bàbá Ìbejì bá fi àtàǹpàkò tẹ ọrùn rẹ̀, íńtánẹ́ẹ̀tì á wọlé; bó bá jù ú sílẹ̀, á lọ. Ó fi rọ́bà dì í, kò gbà. Ó gbé ìwé lé e, kò gbà. Aago mẹ́rin sì ti kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, kò sí àyè láti lọ ra òmíràn. Bí Ara-ò-balẹ̀ ṣe wọ abẹ́ tábìlì nìyẹn, ó ká ẹsẹ̀ kò, ó tẹ wáyà mọ́lẹ̀, òun tí kì í lè jókòó jẹun tán.

Ó ń gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀ lókè. Kò gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ nílé rí. Obìnrin náà ń sọ nípa àwọn aláìsàn, nípa àwọn nọ́ọ̀sì tó ti kọ́ níṣẹ́, kò kánjú, kò kólòlò. Imú ń yún ọkọ, ẹsẹ̀ ń ro ó, orí rẹ̀ ń wú, inú rẹ̀ sì ń bàjẹ́.

“Ẹni tó bá gba iṣẹ́ yìí,” ni ìyá àgbà tó jẹ́ olórí wọn wí, “inú ọgbà wa ni yóò máa gbé. Ìparí ọ̀sẹ̀ nìkan ló lè máa lọ sílé. Ṣé ẹ ti bá ọkọ yín sọ ọ́?”

Lábẹ́ tábìlì, Bàbá Ìbejì wo àtàǹpàkò ara rẹ̀. Bó bá gbé e sókè díẹ̀ báyìí, ọ̀rọ̀ parí, Linux ni gbogbo ayé yóò sì dá lẹ́bi.

“Rárá, mà,” ni ìyàwó wí níkẹyìn. “Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ṣùgbọ́n abẹ́ tábìlì mi ló wà báyìí, òun ló di wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì mú, ó sì ń gbọ́ wa. Bí kò bá fẹ́, ẹ ò ní rí mi mọ́.”

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lọ́hùn-ún, ó sì gbé ẹ̀rín mì nígbà tó rí i pé kì í ṣe àwàdà. Gbogbo wọn dúró. Ìyá Ìbejì kò wo ìsàlẹ̀. Ọkọ rẹ̀ fi ọwọ́ kejì di ọwọ́ tó di wáyà mú, ó sì dijú.

“Ó dáa,” ni ìyá àgbà náà wí. “A ṣì ń rí yín.”