Ẹmọ́ Méjì Nínú Yàrá Àlejò

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sun òkú ìyá rẹ̀, Fumiyo kò tíì sunkún. Kì í ṣe agídí o, ẹkún náà ni kò wá. Àwọn aládùúgbò ń sọ pé obìnrin onísùúrù ni, pé ó ń pa á mọ́ra. Irọ́ ni. Kò sí ohun tó ń pa mọ́ra. Inú rẹ̀ kàn ṣófo ni, bí agbè tí wọ́n da omi rẹ̀ nù. Yóò jí, yóò se ìrẹsì, yóò bu díẹ̀ síwájú àwòrán ìyá rẹ̀, yóò tan tùràrí, yóò sì jáde lọ kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, kò lọ́kọ, kò bímọ. Òun àti ìyá rẹ̀ ni wọ́n jọ ń gbé ilé náà ní ìlú Toyama.

Ohun kan ṣoṣo tó kù tó ń mí nínú ilé pẹ̀lú rẹ̀ ni Goma, ẹmọ́ òyìnbó tí ìyá rẹ̀ ń sìn, tó dúdú bíi yànmọ̀tí, tí kò nírù. Méjì ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Ìkejì kú ṣáájú ìyá Fumiyo, láti ìgbà náà ni Goma sì ti ń jẹun bí ẹni tí wọ́n fi tipá mú. Dókítà ẹranko gbé e sórí òṣùwọ̀n, ó mi orí. Ó ní irú ẹ̀dá yìí kì í dá gbé, pé bí kò bá rí ẹnì kejì, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa kú lọ.

Ni Natsue àbúrò Fumiyo bá wọ ọkọ̀ ojú irin wá láti Kanazawa, ó gbé ẹmọ́ tirẹ̀, Kinako, sínú agbọ̀n.

Natsue ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn ọmọ mi ló ni Kinako, mi ò lè fi sílẹ̀ fún yín. Tí àwọn méjèèjì bá rẹ́, màá kó wọn lọ, torí a ò ní lè yà wọ́n mọ́. Tí wọn ò bá rẹ́, Kinako á bá mi padà. Goma wá ńkọ́? Ọlọ́run ló mọ̀."

"Kò burú," Fumiyo dáhùn, ó sì da tíì sínú ife.

Kò burú tó wí yẹn, ó burú gan-an. Bí wọ́n bá rẹ́, ilé dòfìfo. Bí wọn kò bá rẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ni Goma yóò kú sí. Ó mọ méjèèjì, kò sì sí èyí tó dùn ún. Ìyẹn gan-an ló ń yà á lẹ́nu.

Ibi tí òórùn ìkankan nínú àwọn ẹmọ́ méjèèjì kò sí ni wọ́n ti ń mú irú wọn mọ ara wọn. Nínú gbogbo ilé náà, yàrá àlejò nìkan ló yẹ, níbi tí wọ́n tẹ́ òkú ìyá Fumiyo sí kí wọ́n tó gbé e lọ. Màmá kò jẹ́ kí ẹranko kankan tẹ ẹní ibẹ̀ rí. Wọ́n tẹ́ aṣọ ògbólógbòó lé ẹní, wọ́n kó koríko gbígbẹ àti ewé kábéèjì sí àárín, wọ́n sì sọ àwọn méjèèjì sílẹ̀.

Kinako ń rìn bọ̀, ó ń fi ìdí jó, ó ń kùn hùùù bíi fóònù tí wọ́n pa ohùn rẹ̀ tó ń gbọ̀n. Goma yanu gbàgà.

Natsue rẹ́rìn-ín. "Ẹ wò ó, oorun ti ń kùn ún."

"Kì í ṣe oorun," Fumiyo ní. "Eyín ló ń fi hàn án."

Kò pẹ́ tí Kinako gun Goma lẹ́yìn. Goma han, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lé ara wọn yí koríko ká. Fumiyo na ọwọ́, ó gbé Goma kúrò.

"Wọ́n á para wọn."

Wọ́n sinmi díẹ̀, wọ́n tún dá wọn padà. Bí Kinako ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, Fumiyo tún gbé Goma. Nígbà tó tún fẹ́ na ọwọ́ lẹ́yìn ìyẹn, Natsue di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀jẹ̀ ò jáde. Ta ni ọ̀gá ni wọ́n ń wádìí. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá yà wọ́n, ẹ kàn ń dá wọn padà síbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ni. Ẹ̀yin àti Màmá lẹ jọ mú Goma àti èyí tó kú mọ ara wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ pé kì í ṣe oorun, ẹ ò wá mọ èyí?"

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀?"

"Láti àkọ́kọ́ ni mo ti mọ̀. Tí wọ́n bá rẹ́, o ó kó wọn lọ." Bí ẹni ń sọ pé òjò lè rọ̀ lọ́la ló ṣe sọ ọ́.

Natsue jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ bá mi lọ, nígbà náà."

"Ta ni yóò máa bu ìrẹsì fún Màmá?"



Fumiyo gbé Goma lẹ́ẹ̀kan sí i, kó lè gbé e padà sí àárín. Àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ: egungun ẹ̀yìn ẹ̀dá náà ti yọ lábẹ́ irun, ó ṣeé kà. Ó gbé e kalẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì há abẹ́ itan ara rẹ̀.

Ìjà dé lóòótọ́. Kinako gùn ún, Goma ta á nípàá, ó tọ̀ sí i lójú. Irun wọn dìde, eyín ń ró kẹ́kẹ́kẹ́. Natsue di tówẹ́lì mú ní sẹpẹ́ láti fi yà wọ́n. Fumiyo kò mira. Ìgbà tó yá, Goma dúró, ó rẹ orí sílẹ̀, ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kinako náà kò lé e mọ́. Ó kọjú sí kábéèjì, ó ń jẹ. Goma rìn tẹ̀ lé e, ó sì já ewé gbà lẹ́nu rẹ̀. Kinako jẹ́ kó mú un. Àwọn àgbà ní ahọ́n àti eyín ń jà, wọ́n sì ń rẹ́. Wọn ò ṣáà gbàgbé pé inú ẹnu kan náà ni wọ́n ń gbé.

Fumiyo ń wo Goma bó ti ń jẹ àjẹtúnjẹ. Ó dúró de ayọ̀, ayọ̀ kò dé. Ó dúró de ìbànújẹ́, òun náà kò yọjú. Ó dìde, ó di koríko àti ìgò omi Goma pọ̀ sínú àpò.

Lẹ́nu ọ̀nà, Natsue ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kò dùn yín ni?"

"Mi ò tíì mọ̀. Máa lọ, ọkọ̀ kì í dúró de èèyàn. Má sì yà wọ́n o."

Nígbà tí Natsue ti kó wọn lọ, Fumiyo gbá ìdí ẹ̀rọ amúlémóoru níbi tí Goma máa ń sùn sí, ó nu ilẹ̀ rẹ̀. Ó fọ aṣọ, ó sá a. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, ó ṣan kárọ́ọ̀tì kan, ó gé e wẹ́wẹ́ fún ẹnu kékeré, ó kó o sínú àwo pẹrẹsẹ, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé e sídìí ẹ̀rọ náà. Ilẹ̀ mọ́ tónítóní, kò sí Goma níbẹ̀. Òun náà ló gbá a. Ó ṣì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú ilé náà wọn kì í da oúnjẹ nù, nítorí náà ó mú ẹyọ kan, ó fi sẹ́nu, ó ń rún un.

Ẹkún bá dé, kò tilẹ̀ jẹ́ kó gbé kárọ́ọ̀tì náà mì. Ó pe Goma lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn ìyẹn, "Màmá" ló ń pè.