Páwà Tó Wúwo

Ọkọ mi alápatà ni, ó sì gbà pé kò sí ọjà tí ọwọ́ òun ò lè wọ̀n. Kó gbé nǹkan sókè báyìí, kó mì í díẹ̀, ó parí. Ẹ má bá a jiyàn o. Mo ti bá a jiyàn títí, ó ti sú mi.

Ní tèmi, mo ń bá àwọn tó fẹ́ tẹ̀wé jáde to ìwé wọn lórí kọ̀ǹpútà, ìdí nìyẹn tí ọkọ mi fi ń pè mí ní Akọ̀wé. Ìwé ilé-ẹ̀kọ́ kan wà lọ́wọ́ mi, mo sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí rẹ̀. Bó bá dára, èmi ni wọn á máa gbé gbogbo ìwé wọn fún nìyẹn. Àfi gbàmù! Páwà kọ̀ǹpútà mi jó. Páwà ni àpótí irin kékeré tó ń gba iná lára ògiri, tó ń pín in fún inú ẹ̀rọ.

Ọ̀gá tó ń bá mi tún ẹ̀rọ ṣe ní, "Màdáámù, ìwé yín ṣì wà nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má lọ ra gbàrọgùdù o. Bí páwà burúkú bá tún jó, ó lè kó ìwé náà lọ."

"Màá tẹ̀lé ọ lọ rà á," ọkọ mi wí. "Wọ́n á rẹ́ ọ jẹ."

Méjì ni oníṣọ́ọ̀bù gbé síwájú wa. Ọ̀kan dúdú, kò dán rárá, ṣùgbọ́n wọ́n kọ gàrántì ọdún márùn-ún sára páálí rẹ̀. Èkejì pupa fòò, ó ń kọ mànà. Mo nawọ́ sí dúdú, ọkọ mi gbá ọwọ́ mi kúrò. Ó gbé ọ̀kan sọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan sọ́wọ́ òsì, ó dijú.

"Pupa! Akọ̀wé, nǹkan wà nínú eléyìí. Ìyẹn fúyẹ́ jù."

"Gàrántì ẹ̀ ńkọ́?" mo bi oníṣọ́ọ̀bù.

Oníṣọ́ọ̀bù húkọ́. "Bàbá mọ ọjà," ló wí.

Bàbá mọ ọjà! Ọ̀rọ̀ yẹn ló bà á jẹ́. Ẹ̀rín ti gba gbogbo ẹnu ọkọ mi, pupa la gbé lọ.

Ọ̀gá atúnṣe ò tiẹ̀ so ó mọ́ iná. Ó mì í, nǹkan dún nínú rẹ̀, ló bá tú u. Wáyà tín-ín-rín díẹ̀ ló wà níbẹ̀, àti ìṣù sìmẹ́ǹtì gbígbẹ ńlá kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀, tó ti ń ṣí.

Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀, ó wò ó fínnífínní.

"Eegun tiwọn nìyí," ó ní, ohùn rẹ̀ ti lọlẹ̀. "Wọ́n fi kún un kó lè wúwo."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo rín in títí mo fi di tábìlì mú.

Nígbà tá a padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo retí ariwo lẹ́nu ọkọ mi. Oníṣọ́ọ̀bù ní, "Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní èyí tó wúwo lẹ fẹ́." Ọkọ mi sún sẹ́yìn mi. Èmi ni mo wá pariwo, mo sì pariwo débi tí oníṣọ́ọ̀bù fi yára fi dúdú pààrọ̀ rẹ̀ fún wa.

Ọ̀gá atúnṣe so dúdú mọ́ ẹ̀rọ. Mo tẹ bọ́tìnnì.

"Ó wà ńbẹ̀?" ọkọ mi béèrè lẹ́yìn mi.

Ìwé náà wà ńbẹ̀, odindi. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọ̀gá atúnṣe.

Nígbà tá a délé, ọkọ mi jókòó, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀.

"Akọ̀wé, èmi náà máa ń fi eegun sábẹ́ ẹran àwọn oníbàárà. Mo rò pé kò sẹ́ni tó mọ̀."

"A mọ̀, olówó orí mi."

"Ẹ̀yin ta ni?"

"Èmi àti Màmá tó bí yín. Àbí ẹ rò pé torí wọ́n ti ṣíwọ́ ẹran jíjẹ ni wọn ò fi rà á lọ́wọ́ yín mọ́? Ọ̀dọ̀ alápatà àdúgbò kejì ni wọ́n ti ń rà á."