Ọwọ́ Tí Ọmọ Náà Nà

Adétutù ò fẹ́ràn kírikẹ́ẹ̀tì rárá. Kò yé e bí àgbàlagbà ṣe lè dúró nínú oòrùn Sharjah, kó máa fi pákó gbá bọ́ọ̀lù, kí àwọn àgbàlagbà mìíràn sì máa pàtẹ́wọ́ fún un. Olúṣẹ̀san ló mú un lọ. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni wọ́n ń lọ, Olúṣẹ̀san sì ń ta páàtì fóònù ní Al Baraha, ní Dubai. Ọ̀gá rẹ̀, ará Pakistan, ló fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì méjì fún ìdíje kékeré kan tí àwọn oníṣòwò ṣètò fún ọjọ́ Sátidé.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká jáde jàre," ó ní. "Ẹ ti fẹ́ fi ọ̀rọ̀ visa pa ara yín."

Kò purọ́. Visa Adétutù ku ọjọ́ méjìlá. Olùrànlọ́wọ́ ni ní ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi kan ní Jumeirah Village Circle: ó ń nu imú ọmọ ọlọ́mọ, ó ń pààrọ̀ ìlédìí wọn, ó ń kọrin fún wọn títí wọ́n á fi sùn. Madam Janet, ará Kenya tó ń darí ibẹ̀, ti ṣèlérí pé lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè òun yóò fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ tuntun tí yóò sọ ọ́ di igbákejì tíṣà. Ìwé yẹn ni yóò jẹ́ kó lè mú Dámilọ́lá, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, wá láti Ìpájà. Ọmọ náà kò tíì pé ọdún mẹ́rin nígbà tó fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ Màmá, ìyá tó bí Adétutù. Ó ti pé mẹ́fà báyìí. Bí Madam Janet bá fọwọ́ sí ìwé náà, Dámilọ́lá yóò dé nínú oṣù kẹjọ. Bí kò bá fọwọ́ sí i, Adétutù ni yóò di ẹrù padà sílé lọ́wọ́ òfo. Kò sí ọ̀nà kẹta.

Nínú ìdíje tí mò ń sọ yìí, bọ́ọ̀lù tẹ́nìs tí wọ́n fi téèpù funfun wé ni wọ́n ń lò, ẹni tó bá sì mú èyí tó fò wọ àárín èrò, tirẹ̀ ni. Ọ̀kan gbéra lórí pákó, ó fò títí, ó sì já bọ́ sí àyà Adétutù bí ẹni pé òun ni wọ́n fi í ránṣẹ́ sí. Ó gbá a mú. Gbogbo ìlà ìjókòó wọn hó yèè, Olúṣẹ̀san sì dìde, ó ń jó.

Ọmọbìnrin kékeré kan jókòó lápá ọ̀tún Adétutù, òun àti bàbá rẹ̀. Kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ. Ó wọ jẹ́sì pupa alápá gígùn, ó sì ń wo bọ́ọ̀lù náà bí ọmọdé ṣe ń wo àkàrà tó ṣì wà nínú epo.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé Adétutù ò mọ ìwà hù. Ó mọ̀ pé àgbà tó bá mú irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ nítòsí ọmọdé, ọmọdé ló yẹ kó gbé e fún. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun náà ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó na bọ́ọ̀lù sí ọmọ náà, ọmọ náà sì na ọwọ́ òsì láti gbà á.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bàjẹ́.

Kí Adétutù tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti fa bọ́ọ̀lù padà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe ń tọ́ tirẹ̀. Ọwọ́ òsì ni Dámilọ́lá náà ń lò láti kékeré. Láti Dubai níbí ni Adétutù ti pàṣẹ pé kí Màmá máa fi gèlè di ọwọ́ yẹn mọ́ àga nígbà oúnjẹ àti nígbà ìwé kíkọ. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe é. Ọmọ sunkún, ó jágbe, àmọ́ ní báyìí ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń jẹun, ìyá rẹ̀ sì ń fi èyí yangàn fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́.

"Rárá o, ọ̀rẹ́ mi," ó wí fún ọmọ náà lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ọwọ́ tó dára dà?"

Ọmọ náà fa ọwọ́ òsì sẹ́yìn díẹ̀, ó tún nà án. Adétutù tún gbé bọ́ọ̀lù sókè. "Ọwọ́ tó dára," ó ní. Ojú ọmọ náà lọ sí apá jẹ́sì rẹ̀ lọ́tùn-ún, ó padà sójú Adétutù, omijé sì dà. Bàbá rẹ̀ gbé e, ó já èrò kọjá, ó lọ. Adétutù na bọ́ọ̀lù tẹ̀ lé wọn, ó ń pè wọ́n, wọn ò wẹ̀yìn.

"Àkẹ́jù," ó wí fún Olúṣẹ̀san. Ó ju bọ́ọ̀lù sínú báàgì, ó ní Dámilọ́lá ni yóò ni ín nígbà tó bá dé.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, Rodiat tó ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì òkè nínú bedspace, yàrá àjùmọ̀gbé wọn, ní Discovery Gardens na fóònù sí i nímú.

"Tutù, ṣé kì í ṣe ìwọ rèé? Ya Allah! Ìwọ ni o!"

Fídíò náà kò ju ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá lọ. Ẹni tó jókòó lẹ́yìn wọn ló yà á. Ó yọ ohùn kúrò, ó fi orin sí i. Ohun tó wà níbẹ̀ kò ju pé àgbàlagbà obìnrin kan na bọ́ọ̀lù sí ọmọdé, ó fà á padà, ó tún gbé e sókè, ó ń rẹ́rìn-ín, ọmọ sì ń sunkún. Èèyàn tó ti wò ó lé ní ọ̀kẹ́ méjìlá. Gbogbo wọn ti di olùkọ́ ìwà rere. Ọ̀kan ní tí bọ́ọ̀lù bá bọ́ sọ́wọ́ àgbà, kó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó tó yọ̀. Òmíràn ní ohun tí a bá ti nà sọ́mọdé, a kì í fà á padà. Àwọn tí kò kí aládùúgbò wọn láàárọ̀ ọjọ́ náà ń kọ òfin fún gbogbo ayé. Àwọn tó kù kàn ń bú u ni, wọ́n ń bèèrè ibi tó ti ń ṣiṣẹ́.

Wọ́n sì rí i. Aago méje àárọ̀ ni Madam Janet pè.

"Adétutù, òbí méjì ti fi fídíò ránṣẹ́ sí mi. Má wá lónìí. Má wá lọ́la."

"Madam, mo fẹ́ kó fi ọwọ́ ọ̀tún gbà á ni. Nílé wa…"

"Mo gbọ́. Àmọ́ kí ni kí n sọ fún àwọn òbí? Pé mo fẹ́ fi ẹ́ ṣe tíṣà ọmọ wọn? Bí bàbá ọmọ yẹn fúnra rẹ̀ bá lè sọ pé kò sí nǹkan, mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá fún mi kó tó di Wẹ́sìdeè. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, khalas, ó parí nìyẹn. Mi ò lè fọwọ́ sí i."

Adétutù jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àṣé bí ayé ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ èèyàn nìyí: èèyàn fẹ́ kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́, ó wá di ọ̀tá ọmọdé. Ó gbàdúrà, ó gbààwẹ̀, ó fi ohùn ránṣẹ́ sí Olúṣẹ̀san lórí fóònù nígbà ogún, ìkankan nínú wọn ò sì ní orí tàbí ìdí.

Ọ̀gá Olúṣẹ̀san ló bá wọn wádìí. Rafiq ni wọ́n ń pe bàbá ọmọ náà, télọ̀ ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Rolla, ní Sharjah.

"Ẹ lọ bẹ̀ ẹ́, ẹ̀gbọ́n," Olúṣẹ̀san ní. "Ẹ gbé bọ́ọ̀lù yẹn dání. Kó sọ̀rọ̀ sínú fóònù yín, ó tán."

Lọ́sàn-án ọjọ́ Túsìdeè, Adétutù wọ bọ́ọ̀sì Sharjah láti ibùdókọ̀ Union. Súnkẹrẹ fàkẹrẹ ọ̀nà náà kò gbà fún ìkánjú ẹnikẹ́ni. Ó ń tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ lábẹ́ ahọ́n: ní ilẹ̀ wa, a kì í fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, ní ilẹ̀ wa, a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Bí ọkùnrin náà bá lé e jáde ńkọ́? Bí ó bá pe ọlọ́pàá ńkọ́? Ó rí Dámilọ́lá lójú inú rẹ̀ tó dúró ní pápákọ̀ òfuurufú láìsí ẹni tó wá pàdé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọmọ náà ò tíì ní tíkẹ́ẹ̀tì rárá.

Rafiq ń ran ọrùn aṣọ nígbà tó wọlé. Ọkùnrin náà dá a mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kí ó tó sọ ohunkóhun, Adétutù ti wà lórí eékún méjèèjì láàárín àwọn àjákù aṣọ.

"Ẹ dìde, sister," ọkùnrin náà ní. Ìtìjú bá a. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Àwọn èèyàn ń wò wá."

Kò dìde. Ó tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: iṣẹ́, visa, ọmọ rẹ̀, ọwọ́ òsì. Rafiq pa ẹ̀rọ, ó gbọ́ ọ títí dé òpin.

"Àwa náà, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń jẹun," ó ní. "Mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ lọ́jọ́ náà, ó sì yé mi. Zoya! Yalla, wá síbí."

Ọmọ náà jáde lábẹ́ tábìlì níbi tó ti ń fi bọ́tìnnì ṣeré. Rafiq ká apá aṣọ rẹ̀ lọ́tùn-ún sókè, ó rọra ṣe é, bí ẹni tó ti ṣe é níwájú dókítà púpọ̀. Apá náà kúrú, ó tín-ín-rín, ìka méjì péré ló wà lẹ́nu rẹ̀, wọ́n sì ká kò.

"Bẹ́ẹ̀ la ṣe bí i," ó ní. "Ọwọ́ tó dára, òun ló nà sí yín."

Gbogbo òwe tí Adétutù kó wá nínú bọ́ọ̀sì ti tán. Ó mú bọ́ọ̀lù jáde, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e síwájú ọmọ náà, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó gbà á, ọwọ́ tó bá wù ú ni kó fi gbà á. Zoya wo bọ́ọ̀lù, ó sì kó ọwọ́ òsì sẹ́yìn.

"Láti Sátidé ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀," bàbá rẹ̀ ní. "Kì í gba nǹkan mọ́. Á ní kí n gbé e sílẹ̀. Tí mo bá yíjú, á wá mú un."

Adétutù gbé bọ́ọ̀lù sórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sísọ́ọ̀sì.

Rafiq mí kanlẹ̀. "Ẹ gbé fóònù yín wá. Èmi kọ́ ni mo gbé fídíò yẹn jáde. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pàdánù iṣẹ́ nítorí ọmọ mi. Àlejò ni gbogbo wa níbí."

Ojú ti Adétutù débi pé ó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu, àmọ́ ìtìjú kì í fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́. Ó gbé fóònù jáde. Rafiq wo inú rẹ̀, ó ní kò sí ìjà, pé obìnrin yìí ń kọ́ ọmọ òun ní ìwà gẹ́gẹ́ bí ìyá ṣe ń ṣe ni. Zoya dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú àwòrán náà, ọwọ́ lẹ́yìn, bí ọmọ tó ní ìwà pẹ̀lẹ́.

Ó fi í ránṣẹ́ sí Madam Janet láti ibùdókọ̀. Kí bọ́ọ̀sì tó dé, èsì ti wọlé: "Ó dára. Wá lọ́la, wá fọwọ́ sí ìwé rẹ. Ọlọ́run fẹ́ràn ẹ."

Ohun tó tìtorí ẹ̀ gbààwẹ̀ nìyẹn. Ó dúró kí ayọ̀ dé. Nígbà tí kò dé, ó pe Ìpájà lórí fídíò. Màmá kígbe Hallelúyà nígbà tó gbọ́, ó sì pe ọmọ wá síwájú fóònù.

"Dámi mi, o ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi o! Oṣù kẹjọ!"

"Ẹ ṣé mà," ọmọ náà ní. Ó ti ga sí i. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó juwọ́ sí i.

Adétutù gbé ọwọ́ òsì tirẹ̀. "Fi èyí juwọ́ sí mi."

Dámilọ́lá kọ́kọ́ wo ojú ìyá àgbà. "Kí ni mo ṣe, mà?"

"O ò ṣe nǹkan kan, ọkọ mi. Màmá, ẹ sọ fún un pé kò sí nǹkan."

"Kí ló dé sí ọ?" Màmá ní. "Ṣé kì í ṣe ìwọ lo ní ká dè é ni?"

"Dámi, gbé e sókè kí n rí i. Mo bẹ̀ ẹ́."

Ọmọ náà kó ọwọ́ òsì sẹ́yìn.

"Mi ò lò ó mọ́, mà," ó ní. "Ẹ bi Màmá. Mi ò lò ó mọ́." Ó sì ń juwọ́ ọ̀tún, ó ń jù ú, kò dáwọ́ dúró.