Àṣìṣe Mẹ́rìnlá

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni fúlísítọ́ọ̀pù ń wá níbí?”

Mutmainah, tó jẹ́ olùkọ́ níbẹ̀, nàka sójú kọ̀ǹpútà. Ó ti di ìgbà kẹrin láàárọ̀ yẹn tí yóò bi Bàbá Akínsànmí ní ìbéèrè yìí. Bàbá ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Iṣẹ́ irin ló fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe ní Aladja kó tó wá kọ́ kọ̀ǹpútà ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yìí, létí ọ̀nà Sapele.

“Ibẹ̀ ni gbólóhùn parí sí,” ni bàbá dáhùn. “Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé-ìwé nìyẹn. Lẹ́tà ńlá níbẹ̀rẹ̀, fúlísítọ́ọ̀pù níparí.”

“Kọ̀ǹpútà ò mọ̀yẹn, sà. Sẹmikólọ̀n ló fẹ́, kọ́mà tí àmì róbótó kékeré kan jókòó lé lórí. ‘Main’ tí ẹ kọ sókè yìí náà, lẹ́tà kékeré ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀.”

Ìlà mẹ́sàn-án péré ni bàbá kọ ní èdè C, èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Àṣìṣe mẹ́rìnlá ni kọ̀ǹpútà kà sí i lọ́rùn. Victor, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, sì ti sọ pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò bá ṣiṣẹ́ kí agogo méjìlá tó lù kò ní ṣe ìdánwò ìwé-ẹ̀rí. Ìwé-ẹ̀rí yẹn ni wọ́n ní kí bàbá mú wá sí ibi tí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà gé irin ní Ogunu, kí wọ́n tó gbà á síṣẹ́.

Bàbá tún un ṣe. Àṣìṣe di mẹ́tàdínlógún.

Sùúrù Mutmainah tán. “Ẹ sún díẹ̀, sà.” Ó gba kíbọ́ọ̀dù, ó tẹ̀ ẹ́ wàràwàrà, iṣẹ́ náà sì ṣiṣẹ́.

Bàbá wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́, ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.

“Ha, kí lẹ ṣe yẹn, sà?”

“Tìrẹ ló ṣiṣẹ́, tíṣà. Tí mo bá ń lọ síṣẹ́ ní Ogunu, ṣé o máa bá mi lọ ni?”

Mutmainah sún kíbọ́ọ̀dù padà síwájú bàbá. Bàbá bẹ̀rẹ̀ láti ìlà àkọ́kọ́, ó ń fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ tán, àṣìṣe ku ẹyọ kan. Mutmainah ti rí i.

“Má sọ ọ́ o,” ni bàbá wí, kò tiẹ̀ gbójú sókè.

Victor yọ lẹ́nu ọ̀nà. “Mutmainah, time don reach o. Baba own don run?”

Mutmainah lè ní bẹ́ẹ̀ ni. Iṣẹ́ náà ṣáà ti ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan.

“E never run, oga. Abeg, give am small time.”

Victor wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó pòṣé. “Ten minutes,” ló wí, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ.

Mutmainah kò padà sídìí kọ̀ǹpútà. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, níbi tí ojú rẹ̀ kò ti lè tó ìlà tí àṣìṣe yẹn wà, nítorí ó mọ ara rẹ̀: bó bá ń wò ó, yóò sọ ọ́.