Àga Aláṣọ Funfun

Ẹni tó bá sọ pé àga òfo kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni, kò tíì wo eré orí ìtàgé ní Ìkòtún rí. Nínú gbọ̀ngàn tí mo ń sọ yìí, tíkẹ́ẹ̀tì kò ní nọ́ńbà, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ń yan ibi tó wù ú. Ṣùgbọ́n báàgì máa ń jókòó, gèlè máa ń jókòó, ike omi náà máa ń jókòó, ẹni tó ni wọ́n á sì wà níta tó ń jẹ súyà. Kí o tó fìdí kan àga, o gbọ́dọ̀ wo ojú ẹni tó wà lọ́tùn-ún, kí o wo ti òsì, kí o wá béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ènìyàn wà níbí?" Ẹni tí kò bá béèrè, ojú ni wọn yóò fi lé e dìde.

Màmá Tómisìn kò mọ ọ̀kankan nínú èyí. Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún, kò sì wọ ibi eré rí. Sùtánà ló ń rán ní Ìdímù fún àwọn ọmọ ìjọ Aládùúrà, òun fúnra rẹ̀ sì jẹ́ àgbà nínú ìjọ. Aṣọ búlúù tó ṣókùnkùn ló wọ̀ wá lọ́sàn-án Sátidé yìí, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n má baà dá a mọ̀.

Òun ló fa ìjà tó wà láàárín òun àti ọmọ rẹ̀. Nígbà tí Olúwatómisìn, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, sọ pé eré orí ìtàgé lòun fẹ́ fi ṣiṣẹ́, màmá ní iṣẹ́ ayé ni, kí ó má pe òun ní ìyá mọ́ títí yóò fi fi í sílẹ̀. Àwọn àgbà ní ọwọ́ òsì la fi ń bá ọmọ wí, kí a fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ti òsì nìkan ni màmá rántí lò. Ọmọ kó ẹrù rẹ̀, ó lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni ojú màmá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Dókítà ní Ìgàndó sọ fún un pé ojú òsì ti lọ, ti ọ̀tún náà kò ní pẹ́ tẹ̀lé e. Láti ọjọ́ náà, ojú ọmọ rẹ̀ nìkan ló ń wù ú láti rí kí ilẹ̀ tó ṣú pátápátá.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ohùn Tómisìn wọlé sórí fóònù rẹ̀. "Màmá, ẹ wá wò mí ní Sátidé. Mo ti gba ààyè sílẹ̀ fún yín níwájú. Tí ẹ bá ti rí i, ẹ máa mọ̀ pé tiyín ni. Tí mi ò bá rí yín níbẹ̀, màá mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ mi mọ́, mi ò sì ní yọ yín lẹ́nu mọ́ láéláé."

Màmá kò dá a lóhùn. Ó ní ẹsẹ̀ òun ni yóò dáhùn. Àmọ́ ẹ̀rù bà á, nítorí ọmọ náà jọ ọ́: tó bá ti sọ ọ́, ó parí.

Nígbà tí màmá wọ gbọ̀ngàn náà, àga mélòó kan ló ṣófo níwájú. Ọ̀kan wà láàárín gan-an, wọ́n tẹ́ aṣọ funfun bò ó. Nínú ìjọ tiwọn, ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ ni irú àga bẹ́ẹ̀ máa ń wà, ti áńgẹ́lì ni, ènìyàn kankan kì í fìdí kàn án. Ó rò pé ìjọ kan ló ń lo gbọ̀ngàn náà lọ́jọ́ Àìkú. Ó tẹrí ba fún àga náà, ó sì rọra gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Ó jókòó sórí àga kan létí ìlà. Kò pẹ́ tí obìnrin kan fi dé.

"Màmá, mo kàn lọ tọ̀ ni o! Ẹ ò tiẹ̀ béèrè!"

Ó dìde. Ó tún sún mọ́ òmíràn, ọkùnrin kan gbé ọwọ́ lé e: "Ènìyàn wà níbẹ̀." Ó wá lọ bá Lucy, ọmọbìnrin tó ń fi èrò jókòó.

"Ọmọ mi, wọ́n gba ààyè sílẹ̀ fún mi níwájú."

"Mummy, kò sí orúkọ lára àga kankan o. Ẹ kọ́kọ́ lọ jókòó lẹ́yìn. Tí iná bá kú láàárín eré, tí àga kan bá ṣì ṣófo, ẹ lè sún síwájú. Àfi ti aláṣọ funfun yẹn ṣá, wọ́n ní ká má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn án."

"Ṣé èmi náà ò mọ̀ ni?" ni màmá fèsì, inú sì bí i díẹ̀ pé wọ́n ń kọ́ òun ní ohun mímọ́.

Ẹ̀yìn pátápátá ló bá ara rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Babárìndé, tíṣà àtijọ́ kan láti Èkìtì. Eré bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ohun tó wà lórí ìtàgé dà bí omi ọṣẹ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ohùn Tómisìn jáde, ó gbá àyà mú. Ọmọ tó padà sílé lẹ́yìn ìjà ló ń ṣe nínú eré náà. Ó rìn wá sí etí ìtàgé.

"Màmá, ṣé ẹ wà níbẹ̀?"

Ó tún un sọ. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, ohùn náà já.

"Ọmọ yìí ń sunkún lóòótọ́ o," ni Babárìndé sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Àga aláṣọ funfun yẹn ló tẹjú mọ́. Kí tiẹ̀ ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀ ná? Háà, sùtánà ni. Sùtánà ọmọdé."

Ó wá yé màmá wàyí. Sùtánà ọmọdé! Ọmọ tó ti fi ìjọ sílẹ̀ tipẹ́ ti gbàgbé òfin àga áńgẹ́lì, ìyá rẹ̀ kò sì gbàgbé. Ẹ wo bí òun ṣe tẹrí ba fún ìjókòó ara òun!

Ó dìde. Ó tẹ ènìyàn lẹ́sẹ̀, wọ́n pòṣé sí i. Bàtà rẹ̀ kan bọ́, kò dúró mú un. Lucy di apá rẹ̀ mú.

"Mummy, a kì í dìde báyìí! Ẹ dúró kí iná kú!"

"Tí iná bá kú kí ọmọ mi tó rí mi, ó ti parí fún mi nìyẹn. Jọ̀ọ́, fi mí sílẹ̀!"

Ó já ara rẹ̀ gbà. Ó ń fọwọ́ tá àga lọ́kọ̀ọ̀kan títí ọwọ́ rẹ̀ fi kan aṣọ náà. Ó wá ìṣẹ́tí rẹ̀ rí: oríṣi rírán tirẹ̀ ni, òwú méjì-méjì, bó ṣe rán an fún Tómisìn nígbà tí ọmọ náà ń wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀ ẹ̀rù áńgẹ́lì kò tíì tán lára rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ àga náà.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó béèrè wúyẹ́wúyẹ́, "ṣé ènìyàn wà níbí?"

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó ká aṣọ náà, ó jókòó.

Ṣùgbọ́n Tómisìn ti kọ ẹ̀yìn sí èrò, ó ń lọ. Màmá ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí pákó, bó ṣe ń jìnnà. Ó pè é, àmọ́ ohùn rẹ̀ kò dé orí ìtàgé. Aṣọ tó ṣókùnkùn ló sì wọ̀, ta ni yóò rí i? Ó na sùtánà náà sókè lọ́wọ́ méjèèjì, ó ń mì í bí ẹni ń sá aṣọ sínú atẹ́gùn. Nígbà náà ni iná kú. Àwọn èrò ń pàtẹ́wọ́ fún ohun tí wọ́n pè ní eré.

Nínú òkùnkùn náà, màmá kò sọ ọwọ́ kalẹ̀. Apá ń ro ó, omijé ń ṣàn dé ẹnu rẹ̀, kò sì mọ̀ bóyá ọmọ náà rí òun tàbí kò rí òun.

Ẹnìkan di apá kejì sùtánà náà mú.

"Màmá," ni ohùn náà wí, "ẹ pẹ́."

Ó la ojú méjèèjì sílẹ̀ gbòò, kò rí nǹkan kan. Ó fọwọ́ wá ojú ọmọ náà títí ó fi kàn án, ó sì tutù fún omijé.

"Mo ti dé tipẹ́," ni màmá sọ. "Àga ni mi ò mọ̀."