Ogójì Ọmọ Orí Bẹ́ńṣì

"Wọ́n ní Ọ̀gá àgbà ti…"

"Ti kí ni?"

"Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni o. Àmọ́ ẹni tó ń tún ẹ̀rọ amúlégbóná ṣe ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn gbọ́ pé… bọ́ọ̀lù yẹn… àwọn ogójì tí kò mọ̀ ọ́n gbá… tó bá fi máa di ọdún tó ń bọ̀…"

"Kí ló máa ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀?"

"Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú."

Verlyn tó ń sọ̀rọ̀ yìí náà ni ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Gbogbo wa tá a wà nílé kọfí Twyla la mọ̀, ṣùgbọ́n a jẹ́ kó máa fara pamọ́ sẹ́yìn àwo ẹyin rẹ̀. Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ nìyẹn. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ọ̀rọ̀ ti dé ibi tí àwọn àgbẹ̀ ń já àgbàdo sí, ó sì ti hu ìyẹ́: Ọ̀gá àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì sọ pé owó tí bọ́ọ̀lù ń jẹ ti pọ̀ jù, wọn yóò lé Gus, wọn yóò sì gbin ẹ̀wà soya sórí pápá.

Gus Lindqvist ni akọ́nimọ̀ọ́gbá bọ́ọ̀lù alákoto, èyí tí wọ́n ń gbé sáré ju kí wọ́n gbá a lọ, ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ebbert, kọ́lẹ́ẹ̀jì wa tó wà láàárín oko àgbàdo. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni wọ́n ti jáde lọ́dún náà, ẹ̀ẹ̀mẹjọ náà ni wọ́n sì ti nà wọ́n bí ẹni na aṣọ òfì. Ọgọ́rin ọmọ ló ní. Ogójì ló ń wọ pápá. Ogójì yòókù a jókòó lórí bẹ́ńṣì tàwọn takoto, bí ẹyin inú páálí. Gus ti di ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Ìlú wa ló ra ilé sí, ibẹ̀ ló sin ìyàwó rẹ̀ sí. Bí wọ́n bá lé e, kọ́lẹ́ẹ̀jì wo ni yóò gba ẹni tí wọ́n nà ní ẹ̀ẹ̀mẹjọ?

Nígbà tó wọlé lọ́sàn-án, gbogbo wa dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Dídákẹ́ yẹn ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún un.

"Bàbá Verlyn, kí lẹ gbọ́?"

"Èmi kẹ̀? Etí mi ọ̀tún ò tiẹ̀ gbọ́ràn mọ́."

Orrin, tó ti ṣiṣẹ́ báńkì kó tó fẹ̀yìn tì, ló gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Gus, wọ́n ní Ọ̀gá àgbà sọ pé owó yín ti pọ̀ jù. Ìwọ náà rò ó. Bọ́ọ̀sì méjì lẹ̀ ń gbé lọ sí gbogbo ìrìn àjò. Ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù ń jẹran, ẹni tó jókòó wò ó náà ń jẹran. Bí mo bá ní màlúù ogójì tí kò fún mi ní wàrà, ṣé n ó máa bọ́ wọn?"

"Orrin, màlúù wo lo ní rí?" ni Twyla wí látìdí ìkòkò kọfí. "Ológbò kan ṣoṣo tó o ní, ẹ̀yìnkùlé mi ló ti ń jẹun."

Ìyá àgbà mi, Ìyá Arlys, gbé fọ́ọ̀kì wọn sílẹ̀. "Gus," ni wọ́n wí, "ọ̀rọ̀ tí Ọ̀gá àgbà sọ yẹn…"

"Arlys, jọ̀ọ́," ni Orrin wí, "ọ̀rọ̀ owó là ń sọ."

Ìyá àgbà mú fọ́ọ̀kì wọn padà, wọ́n jẹ páì wọn tán, a sì lọ sílé.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Gus to àwọn ọmọ rẹ̀ sórí pápá, ó pe orúkọ ogójì. Ó ní kí wọ́n má bínú, ìnáwó ló pọ̀, ẹgbẹ́ ò lè gbé wọn mọ́. Ó ń gba akoto wọn lọ́kọ̀ọ̀kan sínú kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù. Brody Tesch, ọmọ àgbẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ kan, tí kò tíì tẹ pápá rí láti ọdún mẹ́ta, fi ọwọ́ méjèèjì gbé tirẹ̀ fún un.

"Ó mọ́ tónítóní, sà," ló wí. "Kò tíì kan nǹkan kan rí."

Gus ò lè wò ó lójú.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, bọ́ọ̀sì kan péré ni wọ́n gbé lọ. Ẹran kún bọ́ọ̀sì dé ibi pé awakọ̀ gan-an jẹ ìpín mẹ́ta. Àfi bí wọ́n ṣe borí! Mẹ́wàá sí mẹ́sàn-án ni, nítorí pé ẹni tí yóò gbá bọ́ọ̀lù wọlé fún ẹgbẹ́ kejì ní ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn yọ̀ nínú ẹrẹ̀, ó sì gbá bàtà rẹ̀ wọlé dípò bọ́ọ̀lù. Ní ìrọ̀lẹ́, fèrè mọ́tò gba gbogbo ìlú. Twyla pín páì lọ́fẹ̀ẹ́, ohun tí ẹnikẹ́ni ò rí rí. Orrin ń gbá Gus léjìká, ó ń ní, "Mo wí bẹ́ẹ̀ àbí mi ò wí bẹ́ẹ̀?"

Bí a ṣe wà níbẹ̀ ni Ọ̀gá àgbà, Dókítà Voss, já wọlé, ẹrẹ̀ dé kókósẹ̀ wọn.

"Gus, àwọn ọmọ mi dà?"

"Àwọn nìyí, Dókítà! Àwọn tó borí nìyí!"

"Mi ò bèèrè àwọn wọ̀nyẹn. Ogójì yòókù ni mò ń bèèrè. Wọ́n ń di ẹrù níwájú họ́sítẹ́ẹ̀lì, wọ́n ní àwọn ń lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì mìíràn."

"Mo ti dá wọn dúró," ni Gus wí, ojú rẹ̀ ṣì ń dán. "Mo ti dín ìnáwó kù, bí ẹ ṣe fẹ́."

Dókítà Voss wá àga, wọ́n jókòó. "Gus, owó oṣù yín lẹ lé lọ yẹn. Tèmi náà wà nínú ẹ̀. Ta ló ní mo fẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Gbogbo wa wo Verlyn. Verlyn wo òkè àjà.

Ni ìlú bá sáré lọ sí họ́sítẹ́ẹ̀lì, Gus ló ṣíwájú. Brody ń fi okùn so tìmùtìmù rẹ̀ mọ́ orí mọ́tò.

"Brody, jọ̀ọ́, padà. Ẹ̀yin náà, ẹ padà. Èmi ni mo ṣìṣe."

"Wọ́n ní Ọ̀gá àgbà ló ní a ò wúlò," ni Brody wí. "Tí wọn ò bá sọ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n sọ fún wa. Bó ṣe jáde lẹ́nu wọn gan-an. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, à ń lọ."

Dókítà Voss pọ́n bí tòmátò. "Ó ti pẹ́ díẹ̀… mi ò rántí gbogbo ẹ̀."

"Èmi rántí," ni Ìyá àgbà wí.

Gbogbo ojú yí sí wọn. Àwọn obìnrin ìjọ wa ló máa ń dáná fún ìgbìmọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì, Ìyá àgbà ló sì gbé páì wọlé fún wọn lọ́jọ́rú. Àwọn èèyàn ńlá a máa sọ̀rọ̀ níwájú wọn bí ẹni pé tábìlì ni wọ́n.

"Ìyá Arlys!" ni Gus ké. "Látọjọ́bọ̀! Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?"

"Mo la ẹnu, wọ́n pa á dé. O ò sì bi mí."

"Mo ń bi yín báyìí."

Ìyá àgbà wúkọ́ díẹ̀. Kí wọ́n tó sọ ọ́ dé ìdajì, Brody ti ń tú okùn orí mọ́tò rẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ rèé, wọn ò fi kún un, wọn ò sì yọ níbẹ̀:

"'Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ká borí yọ mí lẹ́nu mọ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá, ìdajì owó ilé ẹ̀kọ́ ló ń san, tá a bá sì bá a wí, á ní òun ń lọ. Àwọn ogójì tí kò mọ̀ ọ́n gbá ń san án pé. Wọ́n ń jí láago márùn-ún nínú òtútù, wọn ò bá ẹnikẹ́ni jà, wọ́n sì tún ń kí mi. Bọ́ọ̀lù yẹn ò bọ́ ẹnikẹ́ni níbí, àwọn ọmọ orí bẹ́ńṣì yẹn ló ń bọ́ wa. Tó bá fi máa di ọdún tó ń bọ̀, kí Gus bá mi wá ogójì míì tó burú tó báyẹn. Ìyá Arlys, ẹ jọ̀ọ́, ṣé páì ṣì kù?'"