Ìdérí Mínírà Kan fún Ìdí Àgbàdo Kan

Nígbà náà, Sùrájù ọkọ mi ṣì wà láyé. Ìyá wọn, Àdíját, tí wọ́n ń ta mínírà, ọtí ẹlẹ́rìndòdò inú ìgò, lọ́jà Òkè Àrin, náà wà, àti Bọ̀ọ̀dá Jíbrílù, àbúrò Ìyá, tí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ta bí ata. Èmi nìkan ló kù báyìí.

Ìsàlẹ̀ Èkó là ń gbé, ṣùgbọ́n oko tí bàbá Ìyá fi sílẹ̀ wà lápá Ìkòròdú. Èbúté Èrò la ti ń wọkọ̀ ojú omi lọ. Ọdún méjì ni àgbàdo ibẹ̀ ò fi ju ọmọ ìka lọ. Bọ̀ọ̀dá Jíbrílù bá sọ ọ́ gbangba: "Bí tọdún yìí bá tún kú, títà la máa ta ilẹ̀ yìí."

Àsìkò tí ìjọba ní kí gbogbo ayé dáko ni. Sùrájù gbé àpò ajílẹ̀ òyìnbó kan wálé, funfun bí iyọ̀. Nílé tiwa, ẹni tó bá fún èèyàn ní nǹkan tí ò kúnwọ́, ahun ni. Ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀kúnwọ́ la dà á sídìí àgbàdo. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan, ebè mẹ́ta ti gbẹ bí ìgbà tí iná jó o.

"Ẹ kú ọbẹ̀ oníyọ̀ o!" Bọ̀ọ̀dá Jíbrílù ló wí bẹ́ẹ̀.

Ìyá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n lọ bá ọ̀gá iṣẹ́ àgbẹ̀.

"Díẹ̀ ni, Ìyá. Kó jìnnà sídìí rẹ̀ díẹ̀, kẹ́ ẹ wa yẹ̀pẹ̀ bò ó."

"Díẹ̀ tèmi ni àbí díẹ̀ tìẹ?"

Ọ̀gá náà da díẹ̀ sí wọn látẹ́lẹwọ́. Ìyá tú etí ìró, wọ́n yọ ìdérí mínírà kan, wọ́n dà á sínú rẹ̀. Ó kún un géérégé.

"Àlímọ̀t, lọ ṣa ìdérí wá l'Ókè Àrin."

Ìdérí kan fún ìdí kan la fi ajílẹ̀ sí gbogbo ebè tó kù. Ìyá ń fọ̀pá tẹ̀lé mi: "Ó pọ̀jù! Ṣahun, Àlímọ̀t, ṣahun!"

Nígbà tí àgbàdo gbó, ó gùn tó apá ọmọdé. Bọ̀ọ̀dá Jíbrílù jẹ mẹ́rin, wọ́n nu ẹnu. "Ẹ̀gbọ́n, èwo ni ebè tèmi lọ́dún tó ń bọ̀?" Ìyá ju ìdérí kan sí wọn.

Ọdún kẹrin lẹ́yìn ìyẹn, lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, à ń bu ajílẹ̀, Ìyá jókòó sábẹ́ àgbọn. Mo gbọ́ "Ṣahun, Àlímọ̀t," mo rẹ́rìn-ín, mo parí ebè náà. Kí n tó dé ìdí àgbọn, Ìyá ti jáde láyé.